Òfin tí ó Pẹ́ Dé àti Òfin tí ó Tètè Dé

Àwọn àgbà a máa wí pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀hìn ọ̀ràn. Ìtàn ẹyẹ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn wá.

Ní ìgbà àtijọ́, irú ẹyẹlé igbó kan pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wọ́ wọn fi ń bo ojú ọ̀run. Ní ọdún 1857, a mú àbá wá síwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ohio pé kí a dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáhùn pé ẹyẹ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ààbò. Àwọn ọdẹ ń pa wọ́n, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó wọn lọ sí ọjà ìlú ńlá. Ní ọdún 1900 ni a ṣe òfin Lacey, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹran tí a pa lòdì sí òfin láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September, ọdún 1914, ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù, tí a ń pè ní Martha, kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati.

Ẹyẹ kejì ni idì olórí funfun, tí àwòrán rẹ̀ wà lára èdìdì orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 1782. Òfin ọdún 1940 ti ka pípa rẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ ó ń dínkù. Nítorí DDT, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò, wọ inú ẹja tí idì ń jẹ, ó sì sọ èèpo ẹyin rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní ọdún 1963, bí a bá yọ Alaska sílẹ̀, tọkọtaya idì tí ó ń pa ẹyin kò pé 500. Ní ọdún 1972, ìjọba fi òfin de oògùn náà. Ní ọdún 1973 ẹ̀wẹ̀, a ṣe òfin ńlá fún ẹranko àti ewéko tí ó fẹ́ parun, pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ba ibùgbé wọn jẹ́. Lábẹ́ òfin yìí ni a yí ipa ọ̀nà padà kúrò lórí òdòdó kékeré kan tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀ pa ní òkè New Hampshire, òdòdó náà sì tún gbilẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2007, tọkọtaya idì sún mọ́ 10,000, a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu.

Kí ni a rí kọ́? Òfin kò lè jí òkú. Bí ó bá sì dá ọwọ́ ọdẹ dúró láìwo oògùn inú odò, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú ohun tí ó pọ̀ lójú wa, kí a má ṣe dúró títí yóò fi ku ọ̀kan ṣoṣo kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kà á.