Èkúté Ilé àti Ibà Lassa

Láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti ń kó ọkà pamọ́ sínú ilé ni èkúté ti di ayálégbé tí kì í san owó. Aṣọ tí ó ya àti àgbàdo tí ó jẹ nìkan ni ọ̀pọ̀ onílé ń kà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1969 fi hàn pé ẹ̀mí pẹ̀lú wà nínú gbèsè náà.

Ní oṣù kìíní ọdún náà, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní ìlú Lassa, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kú ní oṣù kejì. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé dé New York, òun yè. Láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ti rí kòkòrò àrùn náà, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa pè é.

Ṣùgbọ́n níbo ni kòkòrò náà ń fara pamọ́ sí? Ní ọdún 1972, nígbà tí ibà yìí jà ní Sierra Leone, tí àwọn àgbà ń pè ní Sàró, àwọn onímọ̀ dẹ pàkúté sínú ilé àwọn tí àrùn mú. Wọ́n bá kòkòrò náà lára eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ. Àrùn náà kì í pa eku yìí. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó kan oúnjẹ ni ó ń kó o ran ènìyàn.

Ta ni kò ní sọ pé kí a pa gbogbo wọn run? Ní Guinea, májèlé tí wọ́n lò ní àwọn abúlé kan dín eku kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dáwọ́ dúró, eku mìíràn tún wọlé. Pàkúté dára, ológbò sì wúlò, ṣùgbọ́n ìkòkò onídèérí, ihò tí a dí, àti ààtàn tí ó jìnnà sí ilé ni ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ wọn pẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti èkúté.