Ìbọn Ìṣeré àti Ojú tí ó Ń Wò Ó

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò bàbá mi kan ra ìbọn ìléwọ́ oníke fún mi ní ọdún Kérésìmesì. Ó dúdú, ó ń dán, ẹni tí kò bá dì í mú kò lè mọ̀ pé kì í ṣe irin. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ba sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí Ìyá Àgbà ti wọlé, mo na ìbọn sí wọn, mo sì ké pé, "Ẹ dúró!" Èrò mi ni pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n kó gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé, kí n ṣáà dá ẹ̀mí àwọn sí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé àwọn adigunjalè ti ká wọn mọ́lé rí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí alángbá, a sá.

Ọ̀ràn yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni ó mú mi wo ìtàn àwọn ìlú tí wọ́n ti jiyàn lórí ìbéèrè yìí: ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi òfin de ìbọn ìṣeré tí ó jọ ìbọn gidi?

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1955 ni ìlú New York ti ṣe òfin lòdì sí títa irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ wọn pàṣẹ pé kí ìbọn ìṣeré máa ní àmì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni àwọ̀ ọsàn pípọ́n ní ẹnu ìbọn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Nicholas Heyward Kékeré, ọmọ ọdún 13, níbi tí ó ti ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré ní Brooklyn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ọlọ́pàá yìnbọn lu Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ní ìlú Cleveland. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ìbọn ìṣeré ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmì ọsàn náà sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀bi ọlọ́pàá ni, kì í ṣe ti ìbọn ìṣeré. Wọn kò purọ́. Ẹni tí ó pe ọlọ́pàá sí ọ̀rọ̀ Tamir sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà má jẹ́ gidi, kí ẹni tí ó mú un sì jẹ́ ọmọdé. Wọn kò sọ èyí fún àwọn tí wọ́n rán lọ. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí wọ́n dé ibẹ̀ tí ìbọn fi dún. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń pa á lówe pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lé akátá kò gbọdọ̀ máa da òròmọdìẹ sí ẹnu igbó. Ìyá Àgbà kì í ṣe ọlọ́pàá, síbẹ̀ ojú wọn kò wá àmì kankan kí eékún wọn tó kanlẹ̀.

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2006 ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn ayédèrú tí ó jọ ojúlówó, tàbí kí ó tà á, tàbí kí ó kó o wọ̀lú, àfi fún irú iṣẹ́ bíi eré orí ìtàgé, sinimá àti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pupa fòò tàbí tí ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, òfin kò bá a wí. Wọn kò gba eré lọ́wọ́ ọmọdé. Àjọra nìkan ni wọ́n gbà.

Bí ẹnìkan bá ní àwọn ọmọ yóò fi igi gbẹ́ ìbọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwa náà gbẹ́ ẹ, a sì fi ẹnu wa dún "gbàù!" káàkiri àgbàlá. Kò sí ẹni tí ó kúnlẹ̀ fún igi.

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọdún bá tún dé, ẹ ra bọ́ọ̀lù, ẹ ra ìlù. Ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ fi òfin de èyí tí ó jọ ojúlówó, kí àgbà má tún kúnlẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítorí eré.