Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn: Ibi Tí Yunifásítì Ti Ṣí Lọ

Bí ẹ bá béèrè yunifásítì l'Ábẹ́òkúta lónìí, ọ̀nà Alábàtà ni wọn óò júwe fún yín. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn ló ti bẹ̀rẹ̀, èmi gan-an sì ti dàgbà kí n tó mọ̀.

Orúkọ Ìgbẹ̀ìn fúnra rẹ̀, wọ́n gbé e wá ni. Inú igbó Ẹ̀gbá ni ìlú náà wà kí ogun tó tú u ká. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àyè tirẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ilé pe ibẹ̀. Ẹni tó ń sá fógun ò lè ru ilé, ṣùgbọ́n orúkọ ò wúwo.

Ìgbẹ̀ìn yìí ni Abẹ́òkúta Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ló ṣe ọ̀gá ibẹ̀ láti 1932 di 1954. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Fẹlá. Ibẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká ti kàwé kó tó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ má sì gbàgbé ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀, tó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ilé-ìwé náà kọ́kọ́ gbà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà. Ìwé ló kó wọn jọ. Nígbà tí wọ́n jókòó pọ̀ tán, ọ̀rọ̀ owó orí ló jáde. Ní 1947 àwọn obìnrin tú jáde lọ sí ààfin Aké. Nígbà tó di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ìparí 1950 ló tó padà.

Nígbà tó yá, Grammar School kó lọ sí Ìdí-Àbà, tòun ti orúkọ rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1983 ni wọ́n so mọ́ ti Èkó ní 1984. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1988 ó wá di yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, inú ọgbà àtijọ́ yẹn náà ló sì ti gbéra. Nígbà tó di 1997, òun náà kó lọ sí Alábàtà.

Ẹ wò ó, àwọn ará Ìgbẹ̀ìn àkọ́kọ́ kúrò nílé, wọn ò gbàgbé orúkọ ilé. Ẹ̀yin tó jáde ní Alábàtà, bí ẹ bá ń sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ yín fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn.