Èèkù Idà Nínú Ìtàn Ìgbómìnà

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti ara ògbó, àdá tí Ọ̀ràngún mú kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ni orúkọ Ìgbómìnà ti ṣẹ̀: ‘Ògbó mi mọ̀nà.’ Ojú irin ni a ń yìn ní Ọ̀rà àti Ìlá. A kì í sábà sọ̀rọ̀ èèkù. Bẹ́ẹ̀, òwe ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni.

Alágbẹ̀dẹ a máa rọ ìdí irin kí ó ṣóńṣó. Yóò kì í bọ iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì gún un wọ inú igi líle. Igi náà yóò jó níwọ̀nba, irin yóò sì há síbẹ̀ láìsí ìṣó. A lè fi awọ dì í kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Ní ti àdá òyìnbó, pátákó méjì ni a fi ìṣó kàn mọ́ irin pẹlẹbẹ.

Igi kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ bí irin. Ère idẹ àti bàbà ni a wú ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938. Nítorí náà, àgbẹ̀dẹ ni ó yẹ kí olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ èèkù ṣì wà.