Iye ikọ̀ tó ń wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ nínú bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Gúúsù Èkìtì

Iye ikọ̀ tó yẹ kó wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ wà lára ohun tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ girama gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí kí bọ́ọ̀lù tó dé orí pápá. Ní Gúúsù Èkìtì, níbi tí Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Emùré wà, ọ̀rọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ 6 ló wà ní ẹkùn náà, 6 kò sì ṣeé dá sí méjì lọ́gbọọgba títí tí yóò fi ku ẹyọ kan. Bí ikọ̀ tó ń kọjá bá pọ̀ jù, eré ìpele àkọ́kọ́ kò ní lérè mọ́. Bí wọ́n bá kéré jù, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò padà sílé lẹ́yìn eré kan ṣoṣo.

Ẹkùn náà àti ètò ìdíje

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 nínú ẹkùn sẹ́nétọ̀ 3. Gúúsù ní 6: Ìkéré, Ìsẹ̀/Ọ̀rún, Emùré, Gbọ́nyìn, Ìlà-Oòrùn Èkìtì tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ọ̀mùò, àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlawẹ̀. Ẹkùn Àárín àti ti Àríwá ní márùn-ún márùn-ún. Bí ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ ṣe sábà máa ń lọ ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà á kọ́kọ́ kojú ara wọn, ẹni tó bá borí á ṣojú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ní ẹkùn, lẹ́yìn náà ni ti ìpínlẹ̀ á tó kàn.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Ìkéré fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlú ńlá kan ṣoṣo, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi Amoye Grammar School àti Annunciation School sì wà nínú rẹ̀. Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn kó Ìlawẹ̀, Ìgbárá-Odò àti Ògòtún pọ̀. Fún ìdí èyí, ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ipò kejì ní Ìkéré lè lágbára ju ẹni tó gba ipò kìíní níbòmíràn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́, ilé ni yóò wà.

Ìṣirò eré

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ló wà fún ikọ̀ 6. Àkọ́kọ́ ni kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ní kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Eré 5 ni gbogbo rẹ̀: ikọ̀ 2 á sinmi, 4 tó kù á gbá eré 2, àwọn tó borí á bá àwọn tó sinmi pàdé nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá. Ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àmọ́ ikọ̀ 2 ni yóò wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọn yóò padà lọ́jọ́ kìíní, àwọn 2 tó sinmi yóò sì sún mọ́ àṣekágbá láìjẹ́ pé wọ́n fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá. Orí ló gbè wọ́n nígbà tí wọ́n ń pín eré, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn.

Ọ̀nà kejì ni kí a pín wọn sí ìsọ̀rí 2, mẹ́ta mẹ́ta. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á gbá eré 3. Bó bá jẹ́ ẹni kìíní nìkan ló ń kọjá, eré 7 ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àṣekágbá. Bó bá jẹ́ ẹni méjì, ó di 9. Eré 2 péré ló fi ju ara wọn lọ, síbẹ̀ ikọ̀ 2 sí i ló rí àǹfààní láti máa bá ìdíje lọ, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní gbá ó kéré tán eré 2. Ọ̀nà kẹta ni kí gbogbo wọn kojú ara wọn, èyí tó jẹ́ eré 15. Òun ló ń fi ẹni tó dára jù hàn jù, òun náà ló sì gùn jù.

Àléébù kan wà lára ìsọ̀rí ẹlẹ́ni mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí eré ìkẹyìn bá ń lọ, ikọ̀ kan á jókòó, àwọn méjì tó wà lórí pápá á sì ti mọ èsì tí yóò gbé àwọn méjèèjì kọjá. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 1982, nígbà tí Algeria ti parí eré tirẹ̀: Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn na Austria ní 1-0 ní Gijón, èsì tó gbé àwọn méjèèjì kọjá, Algeria sì já. Láti 1986 ni FIFA ti ń mú kí eré ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan náà. Wọ́n ti ṣètò ìsọ̀rí 16 ẹlẹ́ni mẹ́ta fún 2026, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2023 wọ́n yí i padà sí ìsọ̀rí 12 ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ní ẹkùn tó ní ikọ̀ 6, ohun tó lè dín ewu náà kù ni pé kí ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú eré kìíní jẹ́ ẹni tí yóò gbá eré kejì.

Ní ìpele ìpínlẹ̀, 16 rọrùn: 16, 8, 4, 2. Bí a bá pín wọn sí ìsọ̀rí 4 ẹlẹ́ni mẹ́rin, eré ìsọ̀rí jẹ́ 24. Bí ikọ̀ 4 bá kọjá, gbogbo eré di 27. Bí 8 bá kọjá, ó di 31. Bí ó bá jẹ́ ẹkùn ló ń fi ikọ̀ ránṣẹ́ ni wàhálà ń wà. Nínú àyè 8, ìpín tó tọ́ sí Gúúsù, tó ní 6 nínú 16, jẹ́ 3 gééré. Ẹkùn méjì tó kù yóò pín 5, tó já sí méjì ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpín ọgbọọgba láàrin ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni méjì méjì tó máa lo 6 nínú àyè 8 náà, á jẹ́ kí 2 nínú 5 kọjá lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n 2 nínú 6 péré láti Gúúsù.

Ọ̀rọ̀ lórí ẹni kẹta tó dára jù

Èyí ni ibi tí ẹnu kò ti kò. Àwọn kan gbà pé kí ẹni kẹta tó ní àmì jù lọ kọjá, kí ìrètí má baà tètè pin. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Nàìjíríà na onílé ní 1-0, Equatorial Guinea na wọ́n ní 4-0, àmì 3 péré ni wọ́n ní, wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n gba ẹ̀yìn kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹta, wọ́n sì na Nàìjíríà ní 2-1 nínú àṣekágbá ní 11 oṣù kejì.

Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ìdáhùn tiwọn: nínú ìdíje náà, eré 36 ni wọ́n gbá láti fi yọ ikọ̀ 8 péré nínú 24. Wọ́n tún ní kò tọ́ láti fi àmì ìsọ̀rí kan wé ti òmíràn, nítorí pé alátakò wọn kò dọ́gba. Ìdíje kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹjọ́ náà, ó sì ṣeé ṣe kí ohun tó bá àwọn àgbà mu má bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mu. Ohun tó dájú ni pé nínú ìsọ̀rí 2 ẹlẹ́ni mẹ́ta, ẹni kẹta kò ní ibi kankan láti kọjá sí àfi bí a bá fẹ́ kó dà bíi pé a kò yọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà àti kàlẹ́ńdà

Ìlawẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀, Ọ̀mùò sì wà nítòsí ààlà Kogí ní ìlà-oòrùn, ẹkùn kan náà ni wọ́n. Ààbò náà di ọ̀ràn. Ní 29 oṣù kìíní 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní agbègbè Emùré, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí òbí tí kò ní bi léèrè aago tí ọmọ rẹ̀ yóò wọlé. Ìdí nìyí tí pípé gbogbo ikọ̀ sí ibùdó kan, bí Ìkéré, fún ọjọ́ díẹ̀ fi sàn ju kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀. Eré 9 ṣeé parí báyìí láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá dé àṣekágbá yóò sì gbá eré 4. Ìdánwò WAEC tí ń gba oṣù karùn-ún àti ìkẹfà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ SS3 ráyè nígbà náà, òjò sì ń pọ̀ lórí pápá.

Ìtàn àti pàtàkì rẹ̀

Títí di 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè yìí wà, pẹ̀lú Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Òkìtìpupa. Ìyapa náà ló jẹ́ kí ẹni tó bá borí ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ máa bá ti Èkìtì nìkan díje. Ìbéèrè iye ikọ̀ tó yẹ kó kọjá wáyé níbòmíràn náà. Láàrin àwọn àgbà, líìgì Nàìjíríà 2023 pín ikọ̀ 20 sí ìsọ̀rí 2, mẹ́ta láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló lọ du ife ní Èkó. Enyimba àti Remo Stars ní àmì 9 kan náà, ìyàtọ̀ góòlù ló fún Enyimba ní ife. Ní Ohio, Amẹ́ríkà, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ 16 ló ń kọjá láti agbègbè kọ̀ọ̀kan láti 2021, wọ́n sì dín in kù sí 12 ní 2025.

Ẹni méjì láti inú ìsọ̀rí ẹlẹ́ni mẹ́ta, àti àyè 3 nínú 8 ní ìpínlẹ̀, ni ìṣirò tó bá iye ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù mu jù lọ. Iye yòówù tí wọ́n bá mú, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ìyàtọ̀ góòlù kí wọ́n tó pín ìsọ̀rí, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì gba ẹ̀dà tirẹ̀.