Apárí Fojú Di Abẹ

Apárí fojú di abẹ. Ẹni tó ń tẹ́ńbẹ́lú ohun tí kò wúlò fún un mọ́ la sábà ń pa òwe yìí mọ́, bí ẹni pé ìwà àfojúdi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu apárí náà: irun wo ló kù tí abẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Ọ̀rọ̀ Eddie Vinson ló mú mi ronú bẹ́ẹ̀. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1917, sáksófóònù alto ló ń fọn. Ó fi oògùn na irun rẹ̀, bí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń ṣe nígbà náà, sódà inú oògùn ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, sì bó irun náà dànù. Ẹlòmíì ì bá wá fìlà. Vinson fá ìyókù, ó jẹ́ orúkọ Cleanhead, olórí dídán, ó sì fi orí náà kọrin bùlúùsì. Bùlúùsì gan-an nìyẹn lójú tèmi: kó o ti fi ara rẹ ṣẹ̀fẹ̀ kí ẹlẹ́yà tó dé. Bó bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ á máa lọ nílẹ̀ wúwo. Tó bá kù díẹ̀ kó parí ọ̀rọ̀, ohùn á ṣẹ́, á ké fín-ín, bí ẹni pé fèrè ló já a gbà.

Ó bá ẹgbẹ́ olórin Cootie Williams, afọnkàkàkí, ṣiṣẹ́ láti 1942, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, orin rẹ̀ “Old Maid Boogie” sì gbòde lọ́dún 1947. Kò pẹ́ sígbà náà ni John Coltrane, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin jáàsì lẹ́yìn náà, wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Alto ni Coltrane náà ń fọn, àmọ́ ọ̀gá ló ni alto, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá gba tenor, sáksófóònù tó tóbi ju alto lọ. Tenor ọ̀hún layé wá mọ̀ ọ́n mọ́.

Abẹ tó padà gé Vinson kò dé orí. Miles Davis, afọnkàkàkí jáàsì, gba orin “Tune Up” sílẹ̀ ní 1953 àti “Four” ní 1954, orúkọ Miles ló sì wà lára wọn. Vinson ní òun ló ni wọ́n, ọ̀pọ̀ òpìtàn jáàsì sì gbè é lẹ́yìn. Ibi tí orúkọ bá sì wà lowó ń gbà.

Los Angeles ni Vinson kú sí ní 1988. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ jáàsì tó bá fẹ́ kọ́ “Four” á ṣí ìwé orin, á wo òkè lápá ọ̀tún: Miles Davis.