Kaléta àti Crèche: Bí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Sọ Noël Di Tiwa ní Àjàṣẹ́

Ọdún ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ ọdún náà la sì gbé wá.

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí àdúgbò. Àwọn kan ní kí ọmọ má ṣe dé ìbòjú kaléta mọ́, wọ́n ní eégún ni, kò yẹ ọmọ onígbàgbọ́. Àwọn mìíràn ní crèche tí àwọn ọmọ ń kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, nǹkan òyìnbó ni, wọ́n sì ní bí a bá máa ṣe é, kí á kúkú lọ ra èyí tó ń dán ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló ń mú iṣẹ́ ọwọ́ kan parẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Bí a bá sì wo ìtàn dáadáa, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe Noël (bẹ́ẹ̀ la ń pe Kérésìmesì níbí) ní Àjàṣẹ́ rí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Crèche ni ilé kékeré tó ń ṣàfihàn ìbùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń kọ́ ọ. Wọ́n á wá igi àti imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀, wọ́n á rún bébà àpò sìmẹ́ǹtì títí yóò fi rí bí òkúta, wọ́n á sì fi ẹfun àti èédú kùn ún. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè ju owó wẹ́wẹ́ sínú agolo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Kaléta ní tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń ti ilé dé ilé láàárín Noël àti ọdún tuntun. Ọ̀kan nínú wọn á dé ìbòjú, á bo gbogbo ara, á tilẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Òun ni yóò máa jó, yóò máa tàkìtì, àwọn yòókù á máa kọrin, wọ́n á sì máa lu agolo tòmátì àti kẹ́ẹ̀gì. Onílé á fún wọn lówó, wọ́n á tún kọjá sí ilé tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí crèche. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan tó ń jẹ́ Greccio ní ilẹ̀ Ítálì, ní Kérésìmesì ọdún 1223. Francis ará Assisi fẹ́ kí àwọn tálákà abúlé náà fi ojú ara wọn rí bí ìbí Jésù ṣe rí. Ó ní kí wọ́n kó koríko sínú ìbùjẹ ẹran, kí wọ́n mú màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wá síbẹ̀. Kò sí ère olówó iyebíye kankan níbẹ̀. Ohun tó wà ní àyíká ni wọ́n lò.

Nígbà tí ìjọba àkókò Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé ti ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ará Provence bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe crèche sínú ilé wọn. Oníṣẹ́ ọnà kan ní Marseille, Jean-Louis Lagnel, ń fi amọ̀ mọ ère kéékèèké tí olówó àti tálákà lè rà. Wọ́n ń pè wọ́n ní santons. Ẹ wo ẹni tí àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí mọ sí ẹ̀gbẹ́ Jésù: ìyá ẹlẹ́ja, ọlọ́lọ̀, darandaran, ẹni tó ń ru igi ìdáná. Wọn kò mọ àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn ará àdúgbò tiwọn ni wọ́n mọ. Nítorí náà, bí ọmọ Àjàṣẹ́ bá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùlé crèche, tí ó fi amọ̀ mọ ìyá kan tó gbé igbá rù tó ń bọ̀ wá kí ọmọ tuntun, kò ba nǹkan jẹ́. Ohun tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe gan-an ni òun náà ṣe.

Báwo ni ọdún yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn àlùfáà ìjọ SMA láti Lyon dé Ouidah ní ọdún 1861, wọ́n sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1864. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ mú un wá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ìjọ Kátólíìkì: ìjọ Àgùdà. Àgùdà yìí kan náà la ń pe àwọn ènìyàn wa tó ti Brazil padà wá. Èdè wa fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́kọ́ rí ìsìn náà. Ní Èkó, kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà yìí jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ àwọn Malê ní Salvador, ní oṣù Kìíní ọdún 1835, ìjọba lé àwọn kan padà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn san ọkọ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Agoué, Ouidah, Àjàṣẹ́, Bàdágírì àti Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn kò kó ọrọ̀ bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀: bíríkìlà ni wọ́n, káfíńtà, télọ̀, aránṣọ, alásè. Ẹni tó bá dé Àjàṣẹ́ á rí ọwọ́ wọn lára àwọn ilé àtijọ́, lára fèrèsé àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yọ sára ògiri. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá wa, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, nítorí Àgùdà ló mọ̀ ọ́n kọ́, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn.

Àwọn ni wọ́n mú kaléta wá. Ọ̀rọ̀ Potogí ni, careta, èyí tó túmọ̀ sí ìbòjú tàbí ojú tí a fún pọ̀ láti fi dẹ́rìn-ín pa ènìyàn. Pópó Àgùdà ní Èkó ní Kàrẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà Àgùdà Àjàṣẹ́ sì ní Bourian, láti inú burrinha, èyí tó túmọ̀ sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré. Nínú Bourian, ẹ ó rí ẹni tó gun ẹṣin onígi, ẹ ó rí màlúù tí wọ́n fi igi àti aṣọ ṣe, àti òmìrán onígbọ̀ọ̀rọ̀ ara tó ń jó láàárín èrò. Ó ń jáde ní oṣù Kìíní, nígbà ọdún Olúwa wa ti Bonfim, tí wọ́n mú láti Salvador.

Ṣé eégún wá ni kaléta? Àwa tí a bí sí ìlú tí Egúngún àti Zangbeto ti ń jáde mọ̀ pé gbogbo ohun tó bo ojú kọ́ ni eégún. Eégún ní ìdílé, ó ní awo, ó ní ojúbọ, baba ẹni ló sì wà lábẹ́ agọ̀ rẹ̀. Kaléta kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ní gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ìbòjú rẹ̀, ìyá àti àbúrò ń wò wọ́n. Wọ́n á mọ ojú kan sórí amọ̀, wọ́n á fi ògì gbígbóná lẹ bébà mọ́ ọn ní ìpele-ìpele, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì kùn ún. Ẹni tí kò lágbára ìyẹn á gé páálí. Bí ọdún bá parí, ìbòjú náà á di ìdọ̀tí, kò sẹ́ni tó máa bọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí a bẹ̀rù kaléta kò bọ̀wọ̀ fún eégún, kò sì mọ ìtàn Noël wa.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kì í sábà gbọ́. Ní àwọn ọdún 1920, Fadá Francis Aupiais ni olórí ibùdó Kátólíìkì ní Àjàṣẹ́. Nígbà ọdún Àwọn Ọba Mẹ́ta, ní oṣù Kìíní, ó ní kí àwọn ọmọ ìjọ ṣe eré bí àwọn ọba náà ṣe wá kí Jésù. Kò ní kí wọ́n wọṣọ bí ará Yúróòpù. Àṣà ààfin ilẹ̀ yìí, aṣọ wa, ìlù wa àti orin wa ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1925, ó dá ìwé ìròyìn La Reconnaissance africaine sílẹ̀, nínú èyí tí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ wa ti ń kọ nípa àṣà wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Paul Hazoumé, olùkọ́ ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, tó kọ Doguicimi lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo àwọn ọ̀gá Aupiais ni inú wọn dùn sí i, ṣùgbọ́n irúgbìn ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà náà ní tiyín. Ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ SMA, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ti gbẹ́ igi fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọba tó wá kí Jésù fi dà bí ọba Yorùbá. Ibẹ̀ náà ni Láàmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó má gbẹ́ Màríà.

Nígbà náà, kí ló ń bà wá lẹ́rù? Igi sapin kì í hù nílẹ̀ wa. Inú ìwé Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa la ti kọ́kọ́ rí i, pẹ̀lú yìnyín lórí òrùlé. Àwọn ìyá wa kò tìtorí rẹ̀ jókòó. Wọ́n gé ẹ̀ka filao tó ń hù létí òkun, wọ́n gbìn ín sínú agolo oníyanrìn, wọ́n fi òwú ṣe yìnyín rẹ̀. Wọ́n fi bébà ìwé àtijọ́ gé ẹ̀wọ̀n aláràbarà tí wọ́n fà kọjá láti ògiri dé ògiri. Wọ́n fi ọ̀wá imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìràwọ̀. Gbogbo ilé ló ń ṣiṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń dì, bí a ti ń gé, bí a ti ń lẹ̀, tí àgbà sì ń ráyè pìtàn.

Lónìí, sapin oníke ti kún ọjà, ìbòjú rọ́bà náà ti dé. A kò bá ẹnikẹ́ni tó rà á jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rà á tán, kí ló kù tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Àwọn Àgùdà pàdánù ilé, wọ́n pàdánù orúkọ, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi tún ayé wọn ṣe. Bí ọwọ́ ọmọ wa bá ṣófo, owó kò ní lè kún un.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Lọ́dún yìí, ẹ bá àwọn ọmọ po amọ̀. Ẹ fún wọn ní páálí àti ògì. Ẹ mú wọn lọ sí ọjà Àjàrá kí wọ́n rí bí ìlù àti ìkòkò ṣe ń jáde láti ọwọ́ ènìyàn. Bí kaléta bá kan ilẹ̀kùn, ẹ má lé wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣe ìbòjú náà, kí owó tí ẹ máa fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é sì pọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé dá ṣe.

Ẹ̀yin ìjọ Mímọ́ láti Ọ̀run Wá tí ẹ máa sọdá ẹnubodè wá sí Sèmè lálẹ́ ọjọ́ 24, ẹ rántí pé Àjàṣẹ́ níbí ni Oshoffa ti dá ìjọ yín sílẹ̀ ní 1947, káfíńtà sì ni. Bí ìsìn bá parí, ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ á fi crèche wọn hàn yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń ṣe é ní ìlú tiyín, àti orúkọ tí ẹ ń pè é. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ọdún á yabo.